Fídíò Tí Ẹnì Kan Ṣoṣo Wò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń rí kéèyàn máa sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó ń dáhùn, kó wá jókòó sí sítọ́ọ̀ mi. Ògiri kan ló wà láàárín èmi àti yàrá ìránṣọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wa, páákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni ògiri ọ̀hún. Èmi ni mò ń tọ́jú òwú, bọ́tìnnì, epo máṣíìnì àti sísọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń kọ́ni ní ìránṣọ ní òdìkejì ni gbogbo wa ń pè ní Bàbá Abẹ́rẹ́, nítorí kò sí ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ mẹ́ta kì í wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún la ti jọ ń gbọ́ ikọ́ ara wa.

Nígbà kan, nítorí ariwo ni mo ṣe máa ń bá a jà. Máṣíìnì mẹ́rìndínlógún lẹ́ẹ̀kan náà! Bàbá á dúró láàárín wọn, á di ojú, á ní, "Ìwọ tó wà nídìí fèrèsé, òwú ìsàlẹ̀ rẹ ti le jù." Kò ní í wo ọmọ náà o. Etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Tó bá wá di pé kó kọ́ni bí a ṣe ń gé aṣọ, á gbá ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mú, á gbé e lé orí aṣọ, á ní, "Ibí yìí. Kì í ṣe ibẹ̀ yẹn." N ò gbọ́ ọ rí kó sọ pé ọ̀tún tàbí òsì. Ibí yìí àti ibẹ̀ yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ sì wà káàkiri tí wọ́n ń fi jẹun.

Ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká, oníkálukú ń bá ayé tirẹ̀ yí. Láti ìgbà yẹn ló ti máa ń dé ibi iṣẹ́ kí maígádì tó ṣí géètì, òun náà sì ni wọ́n ń lé lọ sílé nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan ó fara ti kántà mi, ó ní, "Ìyá Sítọ́ọ̀, ilé yẹn ti dákẹ́ jù. Bí omi ṣe ń kán nídìí ẹ̀rọ omi ni mo máa ń jókòó gbọ́." Mo ní kó lọ pe ẹni tó máa bá a tún ẹ̀rọ omi ṣe. Kí ni n bá tún sọ? Nílé tèmi, rédíò ló ń bá mi fọ̀rọ̀ wérọ̀.

Inú irú nǹkan báyìí la wà nígbà tí ọ̀gá àgbà pe ìpàdé. Ó ní ayé ti yí padà, pé télọ̀ ayé òde òní tí kò lè gba ìwọ̀n oníbàárà lórí fóònù, tí kò lè ya iṣẹ́ rẹ̀ kó fi ránṣẹ́, ebi ló máa pa á. Nítorí náà, a máa pín ẹ̀kọ́ sí méjì: apá kan lórí fóònù, apá kan nínú yàrá ìránṣọ. Olùkọ́ á máa ya fídíò sínú áàpù ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa wò ó nílé, wọ́n á máa fi máṣíìnì ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn ṣe é, ohun tí kò bá yé wọn, kí wọ́n bèèrè níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan nínú yàrá ìránṣọ láti fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí fóònù, ọjọ́ méjì nínú yàrá ìránṣọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn lórí fóònù, lẹ́yìn náà ni olùyẹ̀wò á wá láti ìta. N kì í tètè yin ọ̀gá àgbà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò burú. Ohun tó fi kádìí rẹ̀ ló burú. Ó ní kíláàsì tí àwọn tó yege níbẹ̀ bá dín ní méjìlá, ṣe ni wọ́n máa ti yàrá rẹ̀ pa.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló forúkọ sílẹ̀ fún ìránṣọ. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, mẹ́ta ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Bàbá Abẹ́rẹ́ wá síwájú kántà mi, ó ń fi ìka ka èyí tó kù.

"Méjìlá géérégé, Ìyá Sítọ́ọ̀. Bí ẹnì kan péré bá já, ilé ni mò ń lọ."

Bí ó ṣe pe ilé yẹn, ẹ ó rò pé ẹ̀wọ̀n ló ń sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn méjìlá yẹn jẹ́ ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Ọlọ́wọ́-Òsì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí gbogbo wọn tó lọ sílé, mo rí i nígbà tí Bàbá gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ òsì rẹ̀, tó fi sí ọ̀tún, tó ní, "Bí a ṣe ń dì í mú rèé." Nígbà tó yá, ọmọ náà yọ́ wá bá mi, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní sísọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ òsì?" Ẹ gbọ́ ohun tí èmi àgbà fi dá a lóhùn. Mo ní kò sí irú rẹ̀ ní sítọ́ọ̀ mi. Mo tún wá fi òwe lé e pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì yí padà.

Ni Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ fídíò. Ó gbé fóònù rẹ̀ ti áyọ́ọ̀nù, ó sì lo kámẹ́rà iwájú, èyí tí èèyàn fi ń wo ojú ara rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí. Ó ní bí òun bá ń rí ojú kan nínú fóònù, kódà kó jẹ́ ojú òun, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan wà nínú yàrá pẹ̀lú òun. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àgbà wo ló ń wo ara rẹ̀ nínú dígí láàárọ̀ ọjọ́. N ò mọ̀ pé inú yẹ̀yẹ́ yẹn ni wàhálà wà.

Láràárọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ọ láti òdìkejì ògiri. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi." Á wá dákẹ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń dákẹ́ nígbà tí yàrá kún, kí wọ́n lè kí i padà. Kò sẹ́ni tó ń kí i. Èmi tí mo wà lẹ́yìn ògiri, mo máa ń sọ ọ́ sísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá," kí ìdákẹ́jẹ́ yẹn má baà gùn jù. Á bẹ̀rẹ̀: ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti gé e, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn. Ibí yìí ni àpò ń gbé. Bó bá tẹ́nu bọ ọ̀rọ̀ kọ́là, àánú rẹ̀ a máa ṣe mí, nítorí ibẹ̀ ló ti máa ń dáwàdà, òun nìkan á sì rẹ́rìn-ín sí i.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ó ní, "Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń wò mí, Ìyá Sítọ́ọ̀. Ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé ògiri ń gbọ́. N ò sọ ọ́.

Ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà wá fún ọjọ́ méjì, Bàbá ti fá irùngbọ̀n, ó ti nu gbogbo máṣíìnì. Kálukú tú ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tó rán nílé jáde. Mo gbọ́ tí gbogbo yàrá pa rọ́rọ́, mo bá yọjú. Méjèèjìlá, àpò gbogbo wọn wà ní apá ọ̀tún àyà dípò òsì, wọ́n sì gbé ojú bọ́tìnnì sí ibi tí a ń gbé e sí lára búláòsì obìnrin. Méjìlá! Kò sí èyí tó bọ́ sọ́nà.

"Ta ló kọ́ yín ní ìkọkúkọ báyìí?" Bàbá figbe ta.

Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

Ó lé wọn sílé. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sórí páálí òwú nínú sítọ́ọ̀ mi, ó ń fa abẹ́rẹ́ yọ láyà ẹ̀wù, ó sì ń fi í padà. Mo gba fóònù rẹ̀ kí n fojú ara mi rí ohun tó kọ́ wọn. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni kàlẹ́ńdà tó kọ́ sára ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo lẹ́tà ara rẹ̀ ló yí sódì, bí ìgbà tí èèyàn bá gbé ìwé síwájú dígí.

Mo ní, "Bàbá, fóònù yìí ti yí yín padà. Ọ̀tún yín ti di òsì. Ibí yìí tí ẹ ń sọ, ibẹ̀ yẹn ni wọ́n ń rí."

Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwòrán kékeré kan lábẹ́ fídíò, tí nọ́ńbà pupa wà lórí rẹ̀: mẹ́tàdínláàádọ́ta. Mo bi í pé kí nìyẹn.

"Mo rò pé àwọn tó ń polówó ọjà ni. N kì í tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ìbéèrè ni gbogbo rẹ̀. Ṣé apá ọ̀tún ni àpò máa ń wà ni, sà? Òwú mi ń já, kí ni mo ṣe sí i? Sà, ṣé ẹ ń rí ohun tí à ń kọ? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi ń pè é, tí òun náà ń pè wọ́n, tí kò sẹ́ni tó gbọ́ ìpè ẹnì kejì. Bàbá fi ọwọ́ bojú. Mo fi hàn án bí wọ́n ṣe ń dáhùn, mo tún fi àwòrán ojú kan hàn án tó ń sọ iye èèyàn tó wo fídíò. Méjìlá ló wà níbẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ kìíní.

Lọ́jọ́ kejì, inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ̀rọ̀ jù. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, ó ṣàlàyé bí ẹ̀rọ ṣe yí òun padà, ó wá na ọwọ́ ọ̀tún sókè. "Èyí ni mo fi ń gé aṣọ o! Àbí mo jọ ẹni tó ń fi òsì ṣiṣẹ́?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé sísọ́ọ̀sì láti ọwọ́ òsì rẹ̀ sí ọ̀tún, ó sì ń gé aṣọ lọ wọ́gọwọ̀gọ títí wọ́n fi ṣíwọ́.

Bàbá kì í yára kàwé. Ìbéèrè mẹ́tàdínláàádọ́ta yẹn, ọjọ́ mẹ́rin ló fi dáhùn wọn. Ní ọjọ́ kẹrin ó wọlé wá bá mi, ó gbé fóònù síwájú mi. "Ẹ bá mi kà á. Ó lè jẹ́ pé ojú mi ló ń tàn mí jẹ."

Mo kà á sókè. Ọlọ́wọ́-Òsì ló kọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. "Sà, mo rí i pé ọwọ́ òsì lẹ̀yin náà fi ń gé aṣọ. Ṣé wọ́n nà yín nítorí rẹ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé ni, tí ẹ fi gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ òsì mi? N ò rí olùkọ́ tó ń lo òsì rí. Nílé wa, èmi nìkan ni." Òmíràn wà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. "Sà, ẹ ò dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kò burú. Láti ìgbà tí mo ti ń wò yín, n kì í fi ọwọ́ mi pamọ́ mọ́."

Mo wo ṣẹ́ẹ̀tì tí ọmọ náà kọ́kọ́ rán, tó ṣì wà lórí tábìlì mi pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Yàtọ̀ sí ibi tí àpò wà, kò sí èyí tó gún régé tó o nínú méjèèjìlá.

Omi bọ́ lójú Bàbá, kò sì nù ún. Ó ní, "Mo fi ọmọ náà ṣe ẹlẹ́yà níṣojú gbogbo wọn."

Ó kọ̀wé sí i, kò rí èsì. Ó pe nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n ní kò lọ. Àwọn mọ́kànlá yòókù ń béèrè nǹkan lójoojúmọ́, ó sì ń dáhùn; ti ọmọ yẹn dákẹ́ pátápátá. Fún odidi ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri ni sísọ́ọ̀sì tó ń jábọ́ sílẹ̀, tí Bàbá á ní, "Ó tún yẹ̀!" Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin ó ya fídíò, kámẹ́rà ẹ̀yìn ló sì lò báyìí. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀kọ́ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni mo ṣe é fún. Ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni mí, ọmọ mi. Ẹ̀rọ ló yí mi padà, n ò sì ní í parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ rẹ, èmi náà ni mo tún fi òsì ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dùn mí gan-an. Wò ó bí mo ṣe ń gé e. Ṣé o rí i? Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ báyìí! Tìẹ dáa ju èyí lọ fíìfíì. Wá fi bó o ṣe ń ṣe é hàn mí."

Ó fi í sí ojú ewé ọmọ náà nìkan nínú áàpù. Ohun tí kò mọ̀ ni pé orúkọ tèmi náà wà nínú kíláàsì, nítorí èmi ni mò ń pín irinṣẹ́, àti pé gbogbo ohun tó bá wà níbẹ̀ ni mo lè ṣí.

Nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kékeré yẹn jẹ́ òdo. Lọ́jọ́ kejì, òdo. Bó bá ti kó bọ́tìnnì lọ́wọ́ mi tán, á yọ fóònù, á wò ó, á fi í padà sápò. Lọ́jọ́ karùn-ún ó wọlé pẹ̀lú irùngbọ̀n, kò sì sí abẹ́rẹ́ kankan láyà ẹ̀wù rẹ̀. N ò rí irú rẹ̀ rí láti ọdún mọ́kànlélógún, àní lọ́jọ́ kẹta tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ara mi ò gbà á. Mo ti ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, mo jókòó, mo yí ohùn fóònù mi sísàlẹ̀ pátápátá, mo sì wo fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ igbe lódìkejì ògiri. Bàbá sáré wọlé. "Ó ti wò ó! Ẹ wò ó, Ìyá Sítọ́ọ̀, ọ̀kan! Ó ti wò ó!"

Mo ní, "Ṣé ẹ rí i? Ọmọ náà ti gbọ́ yín."

Bí mo ṣe parọ́ nìyẹn, mo sì parọ́ dáadáa. Láti ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó nu máṣíìnì ọmọ náà, ó fi òwú sí i, ó ń súfèé. Tí mo bá ní, "Bí kò bá wá ńkọ́?" á ní, "Ẹni tó ti gbọ́ ohun tí mo sọ, á wá." Èmi ni n ò lè sùn. Bí ọjọ́ ìdánwò bá pé tí ọmọ yìí ò yọjú, wọ́n á ti yàrá pa, yóò sì lọ jókòó síwájú omi tó ń kán, pẹ̀lú ìrètí tí mo fi irọ́ gbìn sí i lọ́kàn.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo yẹ ìwé sítọ́ọ̀ wò. Ọmọ náà ti fọwọ́ síwèé gba òwú rí, àdírẹ́sì rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Mo gbàyè lọ́sàn-án. Mo kọ́kọ́ lọ sí ìsọ̀ mẹ́ta kí n tó rí ohun tí mò ń wá rà, lẹ́yìn náà ni mo wá ilé náà kàn. Ibi tí àǹtí rẹ̀ ti ń fọṣọ fún àwọn èèyàn ni mo bá a, ó ń lọ aṣọ. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi di áyọ́ọ̀nù mú.

Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, "Mo ti yọ áàpù yẹn kúrò, mà. Mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà náà." Nígbà tó yá, ó ní, "Mo rò pé àwa méjì ni."

Mo ṣí fídíò náà, mo gbé fóònù mi lé e lọ́wọ́. Nígbà tí Bàbá dé ibi ewúrẹ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sá jáde. "Ó di sísọ́ọ̀sì mú bí ẹni di ẹja mú, mà." Bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ló ń sunkún. Mo wá fún un ní ohun tí mo rà: sísọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún ọwọ́ òsì. Mo ní, "Mo sọ fún ọ nígbà yẹn pé kò sí irú rẹ̀. N ò wá a ni. Má bínú." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún Bàbá pé mo wá. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ bóyá òun ń bọ̀ tàbí òun ò bọ̀.

Ọjọ́ ìdánwò, èèyàn mọ́kànlá jókòó. Olùyẹ̀wò wo aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ò tiẹ̀ wo ọ̀nà. Ó dá a lójú pátápátá pé ọmọ náà ń bọ̀. Èmi ni mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn mi tí òógùn bò mí. Nígbà tí olùyẹ̀wò ṣí ìwé rẹ̀ ni ọmọ náà wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó jókòó, ó yọ sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó sì fi sí òsì.

"Òsì?" ni olùyẹ̀wò wí.

Bàbá ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ni, sà. Aṣọ ni kẹ́ ẹ wò."

Ó wo aṣọ. Méjèèjìlá ló yege, kò sì sẹ́ni tó ti yàrá ìránṣọ pa.

Wọ́n ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé báyìí, àwọn yẹn náà sì ti lọ sílé pẹ̀lú fóònù wọn. Bàbá máa ń fi fídíò yẹn han àwọn olùkọ́ tuntun. Á tọ́ka sí ojú kékeré náà àti nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí kò tíì kúrò ní ọ̀kan. "Lọ́jọ́ karùn-ún ló ti wò ó," á wí. "Ẹnì kan ṣoṣo ni, òun ni mo sì ṣe é fún." Tó bá ti ń sọ ọ́, èmi á bẹ̀rẹ̀ sí í ka bọ́tìnnì.

Láàárọ̀ òní, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi," ó sì dákẹ́. Mo kí i padà sísàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun, bí mo ṣe máa ń ṣe. Kò gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń rán apá mọ́ ẹ̀wù, èmi náà sì fi òwú sójú abẹ́rẹ́ mi. Mo ti rán ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin mẹ́ta nípa ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́yìn ògiri yìí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rán, apá ọ̀tún ni àpò rẹ̀ wà, nítorí "ibí yìí" nìkan ni mo gbọ́, n ò rí ibi tó ń fọwọ́ sí. Àwọn yòókù bọ́ sọ́nà. N ò fi téèpù wọn Bàbá rí, ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n. Inú páálí òwú lábẹ́ kántà ni mo kó wọn sí, n ò sì tíì fún un.